Kútọnu Kọjá Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìgbafẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ ní Ibeshe, níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

  

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé wa lọ́wọ́ ni pé kí a sọ fún yín nípa ibi tí a ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà dé ibẹ̀ kó máa wò bọ̀ọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò yìí sílẹ̀, àwọn kan ní Dubai ni ká lọ, àwọn mìíràn ní Thailand, torí wọ́n ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù: etíkun rírẹwà, tẹ́ńpìlì tó ń dán bíi wúrà, oúnjẹ tí wọ́n ń dín lójú títì. A kò ní ká má lọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ òfuurufú ẹnì kan lọ sí Thailand á gbé ènìyàn púpọ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, wọn á sùn, wọn á jẹun, wọn á sì padà wálé. Yàtọ̀ sí ti owó, ohun tó jẹ́ ká mú Benin ni pé gbogbo wa rò pé a mọ̀ ọ́n.

Nínú ẹgbẹ́ yìí, ta ni kò tíì dé Kútọnu rí, tàbí tí ará ilé rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀? A ti lọ ra mọ́tò níbẹ̀, a ti lọ ra aṣọ, a ti lọ ra ìrẹsì àti àwọn nǹkan mìíràn tí a kò ní dárúkọ níwájú àwọn aṣọ́bodè tó jókòó láàárín wa. A ń lọ láàárọ̀, a ń bọ̀ lálẹ́. Orúkọ ìlú kan ṣoṣo la fi ń pe gbogbo orílẹ̀-èdè náà: ẹni tó lọ Àjàṣẹ́ ní òun lọ Kútọnu, ẹni tó lọ Parakou náà ní òun lọ Kútọnu. Bí àlejò kan bá ra ẹja ní Ẹ̀bútẹ̀ Ìkòròdú, tó yí padà, tó wá ń sọ pé òun ti mọ Nàìjíríà, ẹ̀rín la ó fi rín in.

Lójú tiwa, ọ̀nà ibẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní Sèmè. Ó bẹ̀rẹ̀ ní etí omi wa níbí. Ọ̀sà tí ẹ ń wò ní jẹ́tì Ibeshe yìí, bí ẹ bá tọ̀ ọ́ lọ síhà ìwọ̀-oòrùn, á gba ẹ̀gbẹ́ Èkó, á wọ omi Bàdágrì, á sì gbé yín dé Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Kí títì tó dé, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn oníṣòwò fi ń rìn ín. Àwọn ọba náà rìn ín. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ tó wà níbí, ẹ mọ Kòsọ́kọ́. Kí ó tó jọba Èkó ní 1845, Ouidah ló sá lọ, ibẹ̀ ló sì wà kí Akítóyè tó ní kó padà wálé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé e kúrò lórí oyè ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló wá fìdí sí títí di 1862. Ẹ mú orúkọ Kòsọ́kọ́ yìí dání, a ó tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìwé. Nàìjíríà àti Benin jọ wà nínú ECOWAS, àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1979 sì gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti wọ èkejì láìgba físà, kó sì lo tó àádọ́rùn-ún ọjọ́. Pé wọn kò béèrè físà kò ní kí ènìyàn má mú ìwé dání. Páásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ mú, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú. Ní Sèmè ẹ ó sọ̀kalẹ̀, wọn á tẹ òǹtẹ̀ ìjáde fún yín. Ní Kraké tó wà lódìkejì, wọn á tẹ ti ìwọlé. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, tí ọ̀kadà ń gbé ènìyàn gbà. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ kò ní dúró de irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé ènìyàn bá pé, ẹnu rẹ̀ á gbà á láti bá ẹnikẹ́ni tó bá nawọ́ béèrè owó tí kò sí nínú òfin sọ̀rọ̀. Kí a sì máa gbọ́ ìròyìn kó tó di ọjọ́ náà, nítorí ìjọba wa ti bọ́dà yìí pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020.

Owó wọn ni sẹ́fà. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló jọ ń ná an, Togo, Ivory Coast àti Senegal wà lára wọn. Wọ́n so ó mọ́ owó yúrò: sẹ́fà 655.957 ni yúrò kan, bẹ́ẹ̀ ló wà láti ọdún tí yúrò ti dé. Náírà tiwa ló ń lọ sókè sódò, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ ìrìn-àjò kí ẹ tó ṣẹ́ owó. Kí ẹni méjì máa lọ pọ̀ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ẹ́-owó, kí wọ́n kà á lójú ẹ̀, kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ihò iná wọn kò rí bíi tiwa, ẹnu roboto méjì ni. Ẹ mú ohun tí ẹ ó fi so ṣájà fóònù yín dání. Aago wọn àti tiwa dọ́gba.

Faransé ni èdè ìjọba. Ẹ má fòyà. Ní Àjàṣẹ́, ní Sakété, ní Pobè, ní Kétu, ní Savè tí a ń pè ní Ṣábẹ, Yorùbá yín á gbé yín dé ibi tó jìnnà. Nàgó ni wọ́n ń pè wá. Ní èdè Fọ̀n àti ti Ẹ̀gùn, bí wọ́n bá fẹ́ kí àlejò káàbọ̀, “kúabọ̀” ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ: “ẹ kú àbọ̀” wa ni. Ọ̀rọ̀ kan wà ṣá tó lè mú yín ṣìnà. Àkàrà ni àwọn Fọ̀n ń pè ní “ata”. Ẹni tó bá jókòó sọ́dọ̀ alákàrà tó ń pariwo pé òun kò jẹ ata, ebi ni yóò fi sùn.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ èdè ni pé níbẹ̀, ènìyàn á kọ́kọ́ kí ni kó tó béèrè. Ẹ kò ní wọ ìsọ̀ ẹnì kan kí ẹ na ìka sí ọjà pé “èló ni?” “Bonjour” lówùúrọ̀, “bonsoir” láti ọ̀sán lọ, kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìkíni, ṣùgbọ́n nígbà tí àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ lọ wo ọ̀nà, a rí bí àwọn tiwa ṣe ń wọlé, tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń nájà bí ẹni ń jà. Wọ́n mọ ọmọ Nàìjíríà láti òkèèrè. A fẹ́ kí wọ́n mọ ẹgbẹ́ yìí, kó jẹ́ fún nǹkan mìíràn.

Ti oúnjẹ, inú yín á dùn. Ẹ̀kọ wọn ni akassa. Amíwó ni ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì àti òróró rò, tí wọ́n fi adìyẹ dídín sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. A jẹ ẹ́, a sì tún jẹ ẹ́. Wàrà àwọn Fúlàní, tí wọ́n ń pè ní wagasi, wọ́n máa ń dín in sínú ọbẹ̀ bíi ẹran. Ògógóró wọn ni sodabi. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò, kó tọ́ ọ wò ní òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ẹgbẹ́.

Kútọnu fúnra rẹ̀ la ó fi sùn nìkan. Ẹ ó rí ọ̀kadà wọn, zémidjan, tí àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń wọ aṣọ òwú aláwọ̀ kan náà. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé kí ó tètè gbé mi. Ẹ ó rí ère obìnrin jagunjagun ńlá tí wọ́n ṣí ní 2022, tó ga ní ọgbọ̀n mítà. Ẹ ya fọ́tò yín níbẹ̀, kí a máa lọ.

Àjàṣẹ́ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú náà ní orúkọ mẹ́ta, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ni ín: àwọn Ẹ̀gùn ní Hogbonu, àwa ní Àjàṣẹ́, òyìnbó ní Porto-Novo. Ẹ ó rí mọ́sáláṣí àtijọ́ kan níbẹ̀ tí ẹ ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, ìyẹn àwọn ọmọ ẹrú tó padà dé láti Brazil. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún ni wọ́n fi kọ́ ilé Ọlọ́run níbí. Àwọn Àgùdà tiwa ní Èkó ṣe bẹ́ẹ̀ náà sí mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Da Silva, Pereira, d’Almeida: orúkọ tó wà ní Pópó Àgùdà ló wà ní Àjàṣẹ́. Ẹ bọ́ bàtà o, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó wọlé.

Láti Abomey-Calavi ni a ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú adágún Nokoué. Ẹni tó bá ti gba orí Third Mainland kọjá tó wo Mákòókó, á rò pé òun ti rí i. Kò tíì rí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gbé orí omi yìí, ọjà wọn wà lórí omi, ilé ìwé wọn wà lórí omi, ọmọdé tí kò tíì lè ka ìwé dáadáa ti ń tu ọkọ̀. Ìtàn wọn ni pé àwọn baba ńlá wọn sá fún àwọn ọmọ ogun Dàhómì tó ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì wọnú omi nítorí pé èèwọ̀ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun náà jagun lórí omi. Ẹ̀yin apẹja Ibeshe, ẹ wo acadja wọn dáadáa: ẹ̀ka igi ni wọ́n ń rì mọ́ ilẹ̀ odò kí ẹja lè sá sí i, kí ó bímọ síbẹ̀, kí wọ́n tó fi àwọ̀n yí i ká. Irú rẹ̀ wà nínú ọ̀sà tiwa náà, ṣùgbọ́n bí tiwọn ṣe pọ̀ tó á yà yín lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na fóònù sí ojú obìnrin tó ń tajà nínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi fìlà bo ojú bí wọ́n bá rí i. Ilé wọn ni ẹ wá, ẹ ò wá wo ẹranko.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀. Nígbà tí a kọ Ouidah sínú ètò, àwọn kan wá bá wa ní kọ̀rọ̀. Mùsùlùmí wà nínú wọn, Kìrìsítẹ́nì wà nínú wọn. Wọ́n ní ìlú fodún ni, ilé ejò wà níbẹ̀, kí ni ẹgbẹ́ ń wá lọ? Òótọ́ ni pé ilé ejò wà níbẹ̀. Erè ni, kò ní oró. Iwájú rẹ̀ gan-an, lódìkejì òpópónà, ni ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá wà. Wọ́n ti jọ kọjú síra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí èyí tó lé èkejì kúrò. Nínú oṣù kìíní ni ìjọba ya àsìkò sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń gba ìsinmi. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ẹ wólẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kó jókòó sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì títí a ó fi jáde.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọlé, ẹ wọ̀ ọ́ bí ọmọlúàbí. Àwa ará Ìkòròdú kọ́ ló yẹ kí a máa kọ́ ní èyí. Bí àlejò kan bá wọ̀lú lọ́jọ́ Orò, tó ní òun fẹ́ ya fọ́tò, tó ń rẹ́rìn-ín, kí ni ẹ ó sọ fún un? Ohun náà ni kí ẹ sọ fún ara yín bí ẹ bá pàdé Zangbeto lójú ọ̀nà, tàbí Egúngún, tí wọ́n ní òun náà ní nínú àṣà wọn, tí ó sì ti ọ̀dọ̀ wa débẹ̀. Ẹ dúró sí ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró. Ẹ bi ẹni tó ń mú yín káàkiri léèrè kí ẹ tó gbé fóònù sókè, bí ó bá sì ní ẹ ó san owó fọ́tò, ẹ san án tàbí kí ẹ fi fóònù sápò.

Láti àárín ìlú Ouidah dé etíkun tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀. Wọ́n á fi igi kan hàn yín tí wọ́n ní wọ́n máa ń mú àwọn ẹrú yí ká, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní ìparí ọ̀nà, ní etí òkun, ni ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ́ ní 1995 wà, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Àwọn kan ní kí a yọ ibẹ̀ kúrò, pé ìgbafẹ́ la ń lọ, a kò lọ sunkún. A kò yọ ọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní 1860, àwọn ọmọ ogun Dàhómì kọlu ìlú Yorùbá kan, wọ́n kó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oluale Kossola. Láti Ouidah ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ Clotilda, ọkọ̀ ẹrú tó kẹ́yìn tí a mọ̀ pé ó dé Amẹ́ríkà. Cudjo Lewis ni wọ́n sọ ọ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn òmìnira, òun àti àwọn tí wọ́n jọ dé fẹ́ padà wálé, owó kò sí; ni wọ́n bá ra ilẹ̀ ní Alabama, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó, wọ́n pè é ní Africatown. Ó wà láàyè títí di 1935. Ìyẹn ni pé àwọn kan nínú àwọn bàbá wa tó wà ní ìjókòó yìí lè ní bàbá tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Zora Neale Hurston jókòó tì í, ó kọ ohun tó sọ sílẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 2018. Ilé ló ń sọ títí tó fi kú.

Ẹ wá rántí Kòsọ́kọ́. Kò sá lọ sí Ouidah lásán. Èkó àti Ouidah jọ ń ta ẹrú ni, àwọn oníṣòwò wọn mọra, ọ̀sà wa sì ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Francisco Félix de Souza, ọmọ Brazil tó di ọlọ́rọ̀ nípasẹ̀ òwò náà, tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba Ghezo, Ouidah ló kú sí ní 1849. Oyè rẹ̀, Chacha, ṣì wà nínú ẹbí rẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró ní ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ má na ìka sí àwọn ará Dàhómì nìkan. Nígbà tí àwa mẹ́ta dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wa títí a fi padà sínú mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan wà nínú wa tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ mọ ẹni náà.

Ní Abomey, ààfin àwọn ọba Dàhómì ni a ó wò, èyí tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé láti 1985. Ẹ ó gbọ́ nípa àwọn obìnrin ọmọ ogun, ẹ ó gbọ́ nípa Béhanzin tó bá Faransé jà tí wọ́n fi gbé e lọ sí ìgbèkùn, ẹ ó gbọ́ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí Faransé dá padà ní 2021. Ìtàn akọni ni wọ́n máa ń sọ níbẹ̀, ó sì dùn. Àwọn ìyàwó wa tó wá láti Abẹ́òkúta á fẹ́ dìde, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni ogun Dàhómì wá bá Ẹ̀gbá, ní 1851 àti 1864, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ilé onílé ni. Ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán.

Ìdí tí a fi fi Kétu sí ìparí nìyẹn. Ọmọ Odùduwà ni Alákétu. Ìlú náà ní odi àti ẹnu bodè kan, Àkàbà Ìdènà, tí ogun kò lè tètè gbà. Ní 1886, ogun Dàhómì pa Kétu run, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú, ìlú náà sì di ahoro títí àwọn tó kù fi padà wá tún un kọ́ nígbà tí agbára Abomey ti wó. Ẹ ó gbọ́ ogun kan náà lẹ́nu ẹni tó jà á ní àná, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n jà á fún ní ọjọ́ kejì. Kétu tún ni ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO bu ọlá fún ní 2001 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Gbogbo ijó yẹn, àwọn ìyá wa ni wọ́n fi ń bẹ̀. Bí orí bá ṣe é tí a bá a ní àsìkò, ẹ ó rí ọkùnrin tó fi aṣọ obìnrin dira, tó gbé igi gbígbẹ́ lórí, tó ń fi ẹsẹ̀ dá ìlù lóhùn. Láti ibẹ̀ ni a ó gba Pobè àti Sakété padà sí Àjàṣẹ́, kí a tó kọjá bọ́ sílé.

Ẹni tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bá kù díẹ̀ kó parí, kó lọ tún un ṣe báyìí, kó má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan lè wà lábẹ́ àtúnṣe, nítorí náà ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lè yí padà díẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wà nídìí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fún un ní orúkọ yín bí ó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Ẹ má fún un ní orúkọ oyè.